Láti Inú Ẹyin Bọ́ Sínú Àgbá: Ọ̀nà Tuntun Láti Ṣe Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Fúlúù

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tuntun kan nínú ìmọ̀ ìṣègùn, mo sì mú èyí tí púpọ̀ nínú wa kò rò pé ó kàn wá: bí wọ́n ṣe ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù. Ó ti lé ní ọdún 75 tí inú ẹyin adìyẹ ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pèsè abẹ́rẹ́ yìí. Ní báyìí àwọn kan ti ń kúrò nídìí ẹyin, àgbá irin ńlá ni wọ́n ń lò. Kí ni ẹyin ṣe tí wọ́n fi fẹ́ fi í sílẹ̀? Kí sì ni àgbá ní tí ẹyin kò ní? Àwọn tó ń tà á máa ń sọ fún wa pé àgbá yá ju ẹyin lọ. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ni ìdáhùn tó ṣe pàtàkì jù.

Fúlúù kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ara ẹnìkan bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí gbogbo oríkèé ń ro ó, ibà ni a máa ń pè é, oògùn ibà la ó sì sáré rà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ka fúlúù mọ́ àìsàn tó ń pa wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ èbúté Èkó, ó bá ojú irin reluwé àti ọ̀nà ọjà gòkè lọ sí àwọn ìlú inú, ó sì pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Àwọn dókítà ìgbà náà kò mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé bakitéríà ló ń fà á. Ó di ọdún 1933 kí Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw tó fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé fáírọ́ọ̀sì ni. Omi tí wọ́n fi fọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn ni wọ́n kán sí imú ẹranko kékeré kan tí òyìnbó ń pè ní ferret, àìsàn náà sì mú un.

Bakitéríà, ènìyàn lè fi omi ẹran bọ́ ọ nínú ìgò kí ó máa pọ̀ sí i. Fáírọ́ọ̀sì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Kò lè bí sí i àfi kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì alààyè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sẹ́ẹ̀lì rẹpẹtẹ tí fáírọ́ọ̀sì náà lè wọ̀. Ernest Goodpasture àti Alice Woodruff, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Nashville ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi hàn ní 1931 pé ẹyin adìyẹ tí ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀ wúlò fún irú iṣẹ́ báyìí. Sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, èèpo rẹ̀ kò jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé, kò sì wọ́n. Macfarlane Burnet ní ilẹ̀ Australia wá mú ọ̀nà náà bá fúlúù mu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù pé ohun tó ṣe àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní 1918 tún lè ṣe wọ́n, Thomas Francis àti Jonas Salk ní Yunifásítì Michigan ṣe abẹ́rẹ́ láti inú ẹyin, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ ogun, ó sì gba ìwé àṣẹ ní 1945.

Ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń tọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé a máa pe àwọn onímọ̀ jọ ní oṣù Kejì ọdọọdún láti yan irú fáírọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ ìlàjì àríwá ayé yóò dojú kọ; wọ́n á tún pàdé ní oṣù Kẹsàn-án nítorí ìlàjì gúúsù. Nínú ilé iṣẹ́, ẹyin tó ti wà nínú ẹ̀rọ ìsàba fún nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ni wọ́n máa ń lu ihò sí lára, tí wọ́n á fún fáírọ́ọ̀sì sínú àpò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ adìyẹ náà. Wọ́n á dí ihò náà, wọ́n á dá ẹyin padà sínú ooru fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé e sínú òtútù, wọ́n á bẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á fa omi náà jáde. Wọ́n á fi kẹ́míkà pa fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ìyókù di abẹ́rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé mo wá bú ẹyin. Ilẹ̀ Áfíríkà jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú tí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí tó fìdí kalẹ̀ sí Yábàá ní Èkó gbà lára aláìsàn kan ní Gold Coast ní 1927 ni Max Theiler fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní New York ní 1937. Inú ẹyin ni ilé ìwádìí Pasteur ní Dakar ti ń ṣe abẹ́rẹ́ 17D yẹn fún wa títí di ìsinsìnyí. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú kì í yí padà lọ́dọọdún, ẹyin sì ń bá a lò dáadáa. Fúlúù ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye. Nǹkan bí ẹyin kan ló ń pèsè abẹ́rẹ́ kan fún irú fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ọdọọdún máa ń kó irú mẹ́ta pọ̀. Fún ọdún mélòó kan, mẹ́rin ni. Ilé iṣẹ́ ńlá nílò ẹyin ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kì í sì í ṣe ẹyin ọjà. Adìyẹ tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì, tí àkùkọ wà láàrin wọn, ló ń yé e, a sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ náà ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Bí àjàkálẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù tí adìyẹ kò sí ńkọ́? Ìjọba Amẹ́ríkà ti ń sanwó fún àwọn olóko láti máa tọ́jú adìyẹ yí ọdún ká, kí ẹyin má baà wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Adìyẹ fúnra rẹ̀ sì ń ṣàìsàn fúlúù. Ní 1997, ní Hong Kong, fúlúù H5N1 kúrò lára adìyẹ bọ́ sára ènìyàn: àwọn 18 ló kó o, 6 nínú wọn kú. Ìjọba pa gbogbo adìyẹ ìlú náà, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Oṣù Kejì ọdún 2006 ni wọ́n rí i ní oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2007, obìnrin kan kú ní Èkó. Ẹ rò ó wò: àrùn tí a fẹ́ ṣe abẹ́rẹ́ fún ń pa adìyẹ tó yẹ kó yé ẹyin náà, bí a bá sì fi í sínú ẹyin, ó ń pa ọmọ inú rẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ní láti gé ibi tó burú lára àbùdá rẹ̀ kúrò kí ẹyin tó lè gbà á.

Àwọn kan máa ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Liverpool ní 2004 kún ẹ̀sùn ẹyin. Bakitéríà wọ abẹ́rẹ́ tí ilé iṣẹ́ Chiron ṣe níbẹ̀, ìjọba Bìrìtìkó dá ìwé àṣẹ wọn dúró ní oṣù Kẹwàá, nǹkan bí ìdajì abẹ́rẹ́ fúlúù tí Amẹ́ríkà ń retí lọ́dún náà sì pòórá. Èmi kò rò pé ẹyin ló jẹ̀bi ìyẹn. Ìdọ̀tí lè wọ àgbá pẹ̀lú, bó bá sì wọ̀ ọ́, gbogbo omi inú rẹ̀ ló lọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ Liverpool ṣe ni pé ó dẹ́rù ba àwọn olóṣèlú Washington, ẹ̀rù yẹn sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n tú owó sílẹ̀. Ní 2006, wọ́n fún ilé iṣẹ́ márùn-ún ní owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là láti lọ ṣe abẹ́rẹ́ fúlúù nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù lára ẹyin, orí àbùdá fáírọ́ọ̀sì ló dá lé, ó sì pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó kà á sí. Lára fáírọ́ọ̀sì fúlúù ni purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní H wà. Òun ni H inú orúkọ H1N1 àti H3N2. H yìí ló fi ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kí ó tó wọlé, irú ṣúgà kan tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì ló sì ń lẹ̀ mọ́. Ṣúgà náà wà lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn, ó wà lára ti ẹyẹ, ṣùgbọ́n bí ó ṣe so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ láàrin àwa àti ẹyẹ. Fáírọ́ọ̀sì tí ara ènìyàn ti mọ́ lára kì í rí èyí tó wù ú nínú ẹyin. Èyí tó bá ṣèèṣì yí H rẹ̀ padà díẹ̀ ni yóò rí ọ̀nà wọlé, òun ni yóò bí sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì kún ẹyin. Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti kékeré lọ gbé ìlú òkèèrè ni: orúkọ rẹ̀ ò yí, ojú rẹ̀ ò yí, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti yí, ẹni tó bá sì kọ́ èdè Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu rẹ̀ kò ní gbọ́ ti àwọn tó wà ní Iléṣà. Ara wa, tó kọ́ H lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì inú ẹyin, lè má dá èyí tó wà nígboro mọ̀ nígbà tó bá dé.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Danuta Skowronski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà yẹ ọ̀rọ̀ wò nígbà òtútù 2012 sí 2013, nígbà tí abẹ́rẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo àwọn ènìyàn lọ́wọ́ H3N2. Fáírọ́ọ̀sì ìgboro kò tíì yí padà. Èyí tó wà nínú abẹ́rẹ́ ló yí nínú ẹyin. Ní 2017, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí tó wà lọ́dọ̀ Scott Hensley ní Yunifásítì Pennsylvania tún fi hàn pé ìyípadà kan ṣoṣo lára H, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin, ti tó láti sọ abẹ́rẹ́ di aláìlágbára sí H3N2 tó ń jà ní ìgbà náà.

Ibí ni ajá ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Ní 1958, S. H. Madin àti N. B. Darby ní California gba sẹ́ẹ̀lì láti inú kíndìnrín abo ajá kan, wọ́n sì tọ́ ọ nínú ìgò. Ajá náà ti kú tipẹ́tipẹ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń pín sí méjì-méjì káàkiri ayé. MDCK ni orúkọ rẹ̀. Irú ṣúgà méjèèjì, ti ènìyàn àti ti ẹyẹ, wà lára rẹ̀, nítorí náà fúlúù ènìyàn lè wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ó ní láti yí H rẹ̀ padà lọ títí. Ó ní orogún kan, Vero, tí wọ́n gbà láti inú kíndìnrín ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ní Chiba ní Japan ní 1962, èyí tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ àti ti dìgbòlugi. Nídìí fúlúù, ti ajá ló borí.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú ìgò kékeré bí ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n tọ́jú sínú naitirójìn olómi tó tutù tó digíríì 196 sísàlẹ̀ òdo. Gbogbo ìgò bẹ́ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìpamọ́ kan náà wá, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé kòkòrò àrùn mìíràn kò fara pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fún un ní oúnjẹ tó jẹ́ ṣúgà, iyọ̀, fítámì àti àwọn èròjà purotéènì. Bó bá ti pọ̀, wọ́n á ṣí i lọ sínú ohun tó tóbi jù, láti ìgò dé àgbá kékeré, títí dé àgbá irin tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bioreactor. Sẹ́ẹ̀lì MDCK ìpilẹ̀ṣẹ̀ kì í léfòó o. Ó máa ń fẹ́ ojú ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Àwọn kan ṣì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní sínú omi fún un láti lẹ̀ mọ́, ọgbọ́n tí A. L. van Wezel ará Netherlands gbé jáde ní 1967. Àwọn onímọ̀ tó wà ní Marburg ní Jámánì ló fi sùúrù sin irú MDCK kan títí tó fi gbà láti máa lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ṣe, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó léfòó ni ó jẹ́ kí àgbá lè tóbi.

Inú àgbá yìí kò gba ìwà jàgídíjàgan. Sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò ní èèpo líle. Ọ̀pá tó ń rò ó gbọ́dọ̀ rọra yí, àní afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn tí wọ́n ń fún un, bí ìfófó rẹ̀ bá bẹ́ lójú omi, ó lè bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí digíríì 37, omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan jù. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti pọ̀ tó, wọ́n á da fáírọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i, wọ́n á sì mú ooru wálẹ̀ sí nǹkan bí 33. Wọ́n á wá fi ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ trypsin sí i. Ó ṣe pàtàkì: H tí sẹ́ẹ̀lì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kò tíì ṣeé lò, ohun kan ní láti gé e sí méjì kí ọmọ fáírọ́ọ̀sì tó lè wọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ohun tó ń gé e wà nínú ọ̀nà ọ̀fun wa, ó wà nínú omi ẹyin, kò sí nínú àgbá. Ẹni tó bá gbàgbé trypsin, ìran kan ṣoṣo ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ yóò bí, yóò sì dúró síbẹ̀.

Láàrin ọjọ́ 2 sí 3, fáírọ́ọ̀sì ti pa sẹ́ẹ̀lì, ó ti tú sínú omi. Wọ́n á yọ àfọ́kù sẹ́ẹ̀lì kúrò, wọ́n á sẹ́ omi náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á fi kẹ́míkà pa fáírọ́ọ̀sì, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á wọn máíkírógíráàmù 15 H fún irú kọ̀ọ̀kan sínú abẹ́rẹ́ kan. Ẹnìkan níbí yóò ti máa bi ara rẹ̀ bóyá ajá ni wọ́n fẹ́ fi gún òun. Rárá o. Sẹ́ẹ̀lì kankan kì í dé inú abẹ́rẹ́. Ohun tó da àwọn onímọ̀ láàmú gan-an ni pé irú sẹ́ẹ̀lì tí kì í kú lè di kókó lára eku tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àìsàn jà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń fi kẹ́míkà gé DNA rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí ìyókù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju nánógíráàmù 10 lọ nínú abẹ́rẹ́ kan. Àyẹ̀wò yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ó pẹ́. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí Optaflu, abẹ́rẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì láti Marburg, ní 2007; FDA, tí ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe fún wa, fọwọ́ sí irú rẹ̀, Flucelvax, ní oṣù Kọkànlá 2012.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń dà sínú àgbá olówó iyebíye yẹn ti kọ́kọ́ gba inú ẹyin kọjá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ó ti yí kí ó tó dé ibi tí kò ti yẹ kó yí. Oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni FDA gbà pé kí fáírọ́ọ̀sì tí ẹyin kò fọwọ́ kàn rí wọlé, H3N2 ti 2017 sí 2018 sì ni àkọ́kọ́. Lọ́dún náà, wọ́n wo àwọn àgbàlagbà tó lé ní mílíọ̀nù 13 ní Amẹ́ríkà: abẹ́rẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 dára ju irú rẹ̀ tó ti inú ẹyin wá ní dídá fúlúù tó ń gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn dúró. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kì í sì í ṣe gbogbo ọdún ni ìyàtọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ogunlọ́gọ̀ arúgbó, ìdá mẹ́wàá kì í ṣe ohun kékeré.

Ìyára wá ńkọ́? Ní 2009, H1N1 tuntun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ilé iṣẹ́ Novartis kéde pé àwọn ti ṣe àkọ́ṣe abẹ́rẹ́ láti inú sẹ́ẹ̀lì ní Marburg. Oṣù Kọkànlá ni Jámánì tó fọwọ́ sí i. Àgbá yá, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò, ìwé àṣẹ àti rírọ ọ́ sínú ìgò kò yá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí á ra àgbá nítorí ìyára. Ìdí tó dára ni pé kò yí fáírọ́ọ̀sì padà bíi ti ẹyin, àti pé àìsàn adìyẹ kò lè tì í pa.

Nípa ti owó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kìíní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà bá Novartis ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 487 dọ́là fún ilé iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ní Holly Springs ní North Carolina. Ó di 2014 kí wọ́n tó gba àṣẹ láti máa ṣe Flucelvax tọdọọdún níbẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà ń ṣe abẹ́rẹ́ ọdọọdún tó ń tà, nítorí náà ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tutù títí àjàkálẹ̀ yóò fi dé. Ilé iṣẹ́ tó bá ń dúró de àjàkálẹ̀ nìkan, ìpata ni yóò jẹ ẹ́ kí àjàkálẹ̀ tó dé.

Ọ̀nà kẹta tilẹ̀ wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn àgbẹ̀. Abẹ́rẹ́ Flublok, tí FDA fọwọ́ sí ní 2013, kò lo fáírọ́ọ̀sì fúlúù rárá; sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ni wọ́n kọ́ láti máa ṣe H nínú àgbá. Kòkòrò náà ni èyí tó wọ ilẹ̀ wa ní 2016, tó jẹ àgbàdo run ní oko wọn. Òun kan náà, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Yábàá ní Èkó ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, títí di 1991 tí iṣẹ́ náà dúró. Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti sọ pé tó bá fi máa di 2040, ìdá 60 nínú 100 abẹ́rẹ́ tí a ń lò ni kí a máa fọwọ́ ara wa ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọba, tí ẹ ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀: kí ni ilé iṣẹ́ yìí yóò máa ṣe tà ní ọdún tí àjàkálẹ̀ kò bá sí, ta ni yóò san owó iná tí àgbá náà kò gbọdọ̀ pàdánù fún wákàtí kan, àti pé níbo ni àwọn tí yóò máa tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí? Bí ìdáhùn ẹ̀kẹta bá jẹ́ pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi owó àgbá kọ́ ènìyàn ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì Vero àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí ajá ìgboro kò jẹ́ kí a ṣàìnílò rẹ̀, kí ọwọ́ wọn mọ́ ọn. Fúlúù lè tẹ̀lé e.